Ìbò Ketura Ahunṣọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 1804, ọjọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ New Jersey yóò dìbò fún àwọn aṣojú mẹ́jọ tí yóò lọ bá wọn yan ààrẹ, bóyá Jefferson tó wà lórí oyè tàbí ẹni tí ẹgbẹ́ Adams fà kalẹ̀. Kí oòrùn tó yọ́ ìrì dídì orí koríko etí odò Raritan, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti kún àgbàlá ilé èrò abúlé Harlen fọ́fọ́. Àwọn àgbà àgbẹ̀ wọ ẹ̀wù gígùn tí bọ́tìnnì idẹ rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò. Àwọn ọ̀dọ́ fi ìwé pélébé há etí fìlà wọn kí gbogbo ayé lè mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Láàárín wọn ni àwọn obìnrin dúró sí nínú ìborùn onírun àgùntàn pupa, àwọn opó àti àwọn tí kò lọ́kọ, tí wọ́n ní ilẹ̀ tàbí ohun ìní tiwọn. Kò sí ẹni tó ń wò wọ́n bí ẹni ń wòran. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti sọ ọ́ kedere: ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ẹni tó bá ti ní ohun ìní tó tó àádọ́ta pọ́n-ùn lórúkọ ara rẹ̀, kó wá dìbò. Òfin kò béèrè àwọ̀ ara lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, ó sì ń ṣe àwọn tó wà nínú rẹ̀ bíi pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé.

Ketura Terhune sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ Bàbá Yaff Hoagland, ó gbọn fọ́nrán òwú kúrò lára ìborùn rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, opó, ahunṣọ. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni ó ń hun, aṣọ tó bá sì ti orí òfì rẹ̀ jáde, ìyá á lò ó, ọmọ á jogún rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún méje sẹ́yìn, orúkọ òun nìkan ni ilé, òfì àti ilẹ̀ ọ̀gbọ̀ wọn ń jẹ́. Bàbá Yaff ní tirẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àgbá igi ni ó ń kàn. Ó ti ṣe ẹrú fún ọdún márùndínlógójì kí ó tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà, ó sì máa ń sọ pé ọjọ́ ìdìbò dùn mọ́ òun ju Kérésìmesì lọ.

Blandina, obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ ni ilé èrò náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò ọtí èso ápù gbígbóná. Bí ó ti rí Ketura ni ó ké.

"Ẹ wo ìyàwó tuntun o! Ketura, iwájú ilé ìjọsìn ni mo ti ń retí rẹ ní Sátidé, o ò yọjú. Ìdí ọtí lo wá yọjú sí lónìí."

"Ẹ kú òwúrọ̀, Ìyá Blandina. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé a ti sún un sí Ọjọ́bọ̀."

"Mo mọ̀. Gbogbo Harlen ló mọ̀. Obìnrin tó ní kí ọkọ ṣì dúró ná, kí òun kọ́kọ́ lọ dìbò! Mo ti gbọ́ ìgbéyàwó tó yẹ̀ nítorí òjò. Mo ti gbọ́ èyí tó yẹ̀ nítorí màlúù tó ń rọbí. Èyí tó yẹ̀ nítorí Jefferson, etí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ketura náà rẹ́rìn-ín.

"Ká ní ẹ̀yin náà lè dìbò ńkọ́?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ọkọ mi ló ń dìbò, èmi ni mò ń sọ ẹni tó máa dì í fún." Blandina wá rọra sọ sí i létí. "Kì í gbọ́ràn ṣá."

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí kì í ṣe ohun kékeré lọ́kàn Ketura. Òfin tó jẹ́ kí opó dìbò, òun náà ló sọ pé ọjọ́ tí obìnrin bá ti lọ́kọ, gbogbo ohun ìní rẹ̀ di ti ọkọ. Ẹni tí kò ní nǹkan kan kò ní ìbò. Bí ó bá wọlé ọkọ ní Sátidé, kò ní lè dìbò ní Ìṣẹ́gun. Ìdí nìyẹn tí ó fi bẹ Joris Wyckoff, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, pé kí ó fún òun ní ọjọ́ márùn-ún péré sí i. Joris ni ó ni ọlọ omi, èyí tí odò ń yí láti lọ àlìkámà, tó wà ní ìsàlẹ̀ abúlé. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìyẹ̀fun kì í sì í kúrò nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀ bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ó bínú fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní ọjọ́ kẹta ó gbà. Ìfẹ́ wà láàárín wọn, kì í ṣe ìfẹ́ ẹnu lásán. Odidi ọdún kan ni Joris fi ń gbé ìyẹ̀fun wá sílé Ketura fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní ọmọṣẹ́. Á jókòó ti òfì, á máa sọ ìtàn títí oòrùn á fi wọ̀, Ketura á sì máa dẹ ọwọ́ iṣẹ́ kí ìró òfì má bàa bo ohùn rẹ̀.

Kì í sì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ nìkan ni Ketura ṣe fẹ́ dìbò. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Daniel, tó kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún nínú ọkọ̀ òkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di ẹ̀wọ̀n nígbà ogun òmìnira. Kí Daniel tó lọ sójú ogun ni ó sọ fún àbúrò rẹ̀ nínú oko ọ̀gbọ̀ pé, "Ẹni tó bá máa gba owó orí lọ́wọ́ mi, kó jẹ́ kí n bá a mú ẹni tó máa ná an." Ọdọọdún ni Ketura ń san owó orí. Ìgbàkígbà tó bá sì na ìwé ìbò rẹ̀ síwájú, ó máa ń ṣe é bíi pé ikú ẹ̀gbọ́n òun kò já sí asán.

Nínú yàrá ńlá ilé èrò náà, Derrick Stryker, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ìdìbò, jókòó sẹ́yìn tábìlì. Àpótí onígi alágàdágodo wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kálámù ìyẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé olùdìbò á kọ orúkọ aṣojú mẹ́jọ sínú ìwé pélébé kan, á ká a, á nà án sí Stryker lójú gbogbo ènìyàn. Stryker á pe orúkọ olùdìbò náà sókè, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé á wọ inú àpótí.

Nínú àwọn méjèèjì, Bàbá Yaff ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Yaff, àgbá rẹ ń jò o!" ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

"Àgbá tí mo kàn fún bàbá rẹ ṣì ń gba ọtí dúró," ni bàbá náà dá a lóhùn láìwẹ̀yìn. "Ẹnu ọmọ rẹ̀ ni kò gba ọ̀rọ̀ dúró."

Ẹ̀rín sọ. Stryker pe Yaff Hoagland, ìwé wọlé. Ó wá kan Ketura. Ó na ìwé tirẹ̀. Stryker gbà á, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Mo kọ èyí."

"Nítorí kí ni?"

Stryker, tó jẹ́ alàgbà ìjọ pẹ̀lú, bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ tábìlì, ó gbé ìwé ńlá aláwọ dúdú kan jáde. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ìwé ìjọ ni, tí pásítọ̀ ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Pásítọ̀ wọn ti darúgbó, ìjọ méjì ni ó sì ń ṣe ìtọ́jú, ọ̀kan ní ìhín odò, ọ̀kan ní ọ̀hún. Bí òtútù bá ti mú, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè di kálámù mú. Nítorí náà, bí ọjọ́ kan bá móoru díẹ̀, á jókòó ti iná, á sì kọ gbogbo ìgbéyàwó oṣù náà sílẹ̀ kí ọjọ́ wọn tó pé. Ó ti kọ ti Ketura àti Joris sí Sátidé. Nígbà tí wọ́n sún un, ó gbàgbé láti fagi lé e. Láti àná ni ó sì ti sọdá odò lọ sí ìjọ rẹ̀ kejì, ó di Ọjọ́rú kí ó tó dé.

Stryker fi ìka tọ ìlà náà. "Ohun tó wà níbí ni pé Ketura Terhune àti Joris Wyckoff di tọkọtaya ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Obìnrin tó lọ́kọ ò ní ohun ìní. Ẹni tí ò ní ohun ìní kì í dìbò."

"Ọ̀gbẹ́ni Stryker, ilé yín lẹ wà ní Sátidé, ẹ̀ ń bó àgbàdo. Mo rí yín. Ta ló wá pè yín síbi ìgbéyàwó?"

"Ohun tí mo rí kọ́ ni mò ń sọ. Ohun tí wọ́n kọ ni mò ń sọ."

"Ìwé ti bá Joris gbé e níyàwó o!" ni ẹnì kan ké. "Joris, máa mú un lọ sílé, ìwé ti parí ẹ̀!"

Yàrá náà ru sókè fún ẹ̀rín. Ketura kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mọ ohun tí Stryker ń ṣe. Ẹgbẹ́ Adams ni Stryker ń ṣe, ọwọ́ kan náà ni òun àti Joris, ìbò ẹgbẹ́ wọn sì ti ń dín kù ní àfonífojì náà lọ́dọọdún. Ìbò kan tí kò bá wọlé fún Jefferson, èrè ni fún wọn.

"Ẹni tó wà nínú ìwé pẹ̀lú yín ló lè já ìwé nírọ́," ni Stryker sọ. "Kó wá fọwọ́ lé Bíbélì, kó búra."

Gbogbo ojú yí sí ibi iná. Joris dúró níbẹ̀ pẹ̀lú pípù tábà rẹ̀ lẹ́nu. Kò ní láti purọ́. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìbò tirẹ̀ ti wà nínú àpótí láti ìdájí. Bí ti Ketura bá wọlé, yóò pa tirẹ̀ rẹ́ bí omi ti ń pa iná. Ketura wò ó, kò bẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ kàn wà lára ọkùnrin náà ni.

Joris yọ pípù lẹ́nu. Ó ṣí fìlà, ó rìn wá síwájú tábìlì, ó gbé ọwọ́ ńlá rẹ̀ lé Bíbélì.

"Mo fi Ọlọ́run búra. Obìnrin yìí ò tíì di ìyàwó mi. Pásítọ̀ ni ó kọ ìwé ṣáájú ọjọ́, ó sì gbàgbé. Ó ku ọ̀tunla."

"Joris," ni Stryker sọ lábẹ́lẹ̀, "ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?"

"Mo mọ̀. Mi ò lè fi irọ́ ṣe ìpìlẹ̀ ilé tí mo fẹ́ gbé."

Stryker mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ohùn sókè, "Ketura Terhune!" Kálámù akọ̀wé dún lórí ìwé, ìbò já sínú àpótí.

Ìgbà tí wọ́n jáde síta, oòrùn ti là. Bàbá Yaff ti lọ síbi ẹṣin rẹ̀. Joris ń rẹ́rìn-ín, ó ń yọ bí ẹni tó ja ìjà tó sì borí ara rẹ̀.

"Wọ́n á máa bú mi títí di ọdún tuntun," ni ó wí. "Kò burú. Inú mi dùn pé èyí tó kẹ́yìn yìí wọlé fún ọ."

"Èyí tó kẹ́yìn?"

"Ọjọ́bọ̀ ti dé tán. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni n ó máa dì í fún ilé wa. O ò ní máa jí ní ìdájí nínú òtútù mọ́, kò sí Stryker kankan tó máa na ìka sí ọ níwájú ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Máa sinmi, Ketura. O ti ṣe tó."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni ń gbé ẹrù kúrò lórí aláàárẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti dun Ketura jù. Láti oṣù tí wọ́n ti ń kéde ìgbéyàwó wọn ní ìjọ, ìbò òní nìkan ni ó ti ń rò. Ó ti rò pé bí òun bá ti bọ́ nínú èyí, òun ti bọ́. Kò tíì wo iwájú rí àwọn tó tún ń bọ̀, ti aṣòfin ìpínlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún, ti ààrẹ lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, tí òun yóò máa dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò ọtí bíi ti Blandina, tí òun yóò máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà.

"Joris," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Mi ò lè wá."

Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà. "Nítorí ìwé pélébé kan?"

"Ìwé pélébé yẹn ni ibi kan ṣoṣo láyé tí wọ́n ti ń bi mí pé kí ni mo rò."

"Èmi ń bi ọ́! Ojoojúmọ́ ni n ó máa bi ọ́!"

"Bí ó bá wù yín ni. Ọjọ́ tí kò bá wù yín ńkọ́?"

"Mo búra fún ọ lójú gbogbo ayé, Ketura. Lójú àwọn ènìyàn mi."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣé. Ká ní ọkùnrin mìíràn ni, kò ní dùn mí báyìí."

 Joris dé fìlà rẹ̀, ó tò ó sójú kan bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú, ó sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ abúlé lọ.

Ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tó wà ní Harlen nígbà náà bá ń rántí wọn, ó máa ń wù ú kí wọ́n padà wá. Ọjọ́ ìdìbò nígbà náà dùn. Blandina á yan kéèkì atalẹ̀ tó tóbi bí ọmọ odó. Àwọn opó á kún inú kẹ̀kẹ́ Bàbá Yaff, wọ́n á máa kọrin lójú ọ̀nà, ọ̀kan fún Jefferson, èkejì lòdì sí i, wọ́n á sì tún jọ jẹun nínú agbọ̀n kan náà. Joris kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ti dá ọmọṣẹ́ rẹ̀ padà sídìí gbígbé ìyẹ̀fun lọ sílé Ketura, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdìbò, wọ́n á pàdé níwájú tábìlì.

"O tún ti pa ìbò mi," ni Joris á wí.

"Ẹ̀yin lẹ pa tèmi."

"Ó dáa, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ká fi ẹ̀mí ríran."

Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ láàárín ọdún. Ketura á máa rò ó lọ́jọ́ púpọ̀ lórí òfì. Ó ta á lára, kò sì sí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀. Ó mọ ohun tí òun rà, ó sì mọ iye tí òun san.

Ní ọdún 1807, àgbègbè mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà dìbò láti mọ ìlú tí wọn yóò kọ́ ilé ẹjọ́ sí. Ìbò náà bàjẹ́. Wọ́n ní ẹlòmíràn dì í lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan ń lọ sílé lọ wọ aṣọ ìyàwó wọn, wọ́n á fi ìborùn bo irùngbọ̀n, wọ́n á tún padà wá dìbò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin ní Trenton. Àwọn aṣòfin jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì ní àwọn ti rí ẹni tó ba ìbò jẹ́. Àwọn obìnrin ni, àti àwọn ènìyàn dúdú. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n ṣe òfin pé láti ìgbà náà lọ, ọkùnrin funfun nìkan ni yóò máa dìbò ní New Jersey. Ọkùnrin ló wọ aṣọ obìnrin, obìnrin ni wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí Ketura ti ń dìbò fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gbé àbá náà wá.

Bàbá Yaff ló mú ìwé ìròyìn wá. Ketura kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá náà jókòó sórí àpótí òwú, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jẹ́ ẹrú," ni ó wí níkẹyìn. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ ènìyàn. Kí wá ni mo jẹ́ báyìí, ọmọ mi?"

 Ketura bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un, àwọn méjèèjì sì jọ jẹun.

Nígbà tí òtútù lọ, tí ìtànná ápù bọ̀ ní ọdún 1808, Joris gbé ìyẹ̀fun wá fúnra rẹ̀. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, kì í ṣe ìyẹ̀fun nìkan mọ́. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kí ó dùn létí," ni ó wí. "Ohun tó dí wa lọ́nà ti lọ, Ketura. Èmi kọ́ ni mo mú un lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lọ."

Ketura dá òfì dúró. "Kò lọ, Joris. Wọ́n jí i ni. Ẹni tí olè kó ilé rẹ̀ kì í sọ pé òun ti wá ráyè rìnrìn àjò."

"Òótọ́ ni."

"Bí mo bá tẹ̀ lé yín báyìí, wọ́n á ní òfin yẹn ló wá ọkọ fún mi. Wọ́n á ní ẹ ò rí i, ó ti sàn fún un. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹ̀rí."

"Kì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ mi?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, Joris ń pè é ní ẹ̀yin.

"Ẹ ò wo ojú mi ni?" ni Ketura wí.

Ó wò ó. Kò tún béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n kò dìde kíákíá, Ketura náà kò sì tètè padà sídìí iṣẹ́.

Oṣù Kọkànlá dé, ìbò ààrẹ tún dé. Ketura kọ orúkọ aṣojú mẹ́jọ sínú ìwé, ó ká a, ó wọ ìborùn pupa. Bàbá Yaff di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́. Wọn kò bá àwọn opó yòókù lọ́nà. Ní ẹnu ọ̀nà ilé èrò, Blandina rí wọn, ó ya ẹnu, kò sì rí àwàdà kankan ṣe. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá.

Stryker ṣì ni ọ̀gá ìdìbò. Nígbà tí Ketura na ìwé rẹ̀ síwájú, kò gbà á. Ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbà á, Ìyáàfin Terhune. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni. Ẹ sọ ọ́ fún Bàbá Yaff náà."

 Stryker gbójú sókè, ó wo arúgbó tó dúró lẹ́yìn obìnrin náà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ẹni tó kàn àgbá tí ọtí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Yaff," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Wọ́n jáde. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí kẹ̀kẹ́ ni Joris sáré bá wọn, ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì dìbò.

"Ẹ fún mi ní ìwé yín," ni ó sọ fún Ketura. "Tiyín ni n ó fi sínú àpótí. Mo fi tèmi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Bàbá Yaff yí padà wò ó. Gbogbo Harlen mọ̀ pé láti ìgbà tí Joris Wyckoff ti ń dìbò, kò tíì dì í fún ẹgbẹ́ Jefferson rí. Ketura mọ bí ẹ̀bùn náà ti wúwo tó. Ó di ìwé rẹ̀ mú sáyà.

"Ẹ ṣé, Joris. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi jẹ oúnjẹ mi, ikùn tirẹ̀ ló yó."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ lọ dìbò yín. Ẹ̀tọ́ yín ni."

Joris wọlé. Láti orí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń rí i lójú fèrèsé. Ó ti dé iwájú tábìlì. Stryker na ọwọ́ sí i. Joris wo ọwọ́ náà, ó sọ ohun kan tí wọn kò gbọ́, Stryker sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni ó jáde, ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti wà. Ó gun orí kẹ̀kẹ́, ó jókòó ti Bàbá Yaff.

"Kí lẹ sọ fún un?" ni Ketura béèrè.

"Mo ní ọdún mẹ́wàá ni mo fi bá obìnrin kan jìjàkadì níwájú tábìlì rẹ̀, nígbà mìíràn ó dá mi, nígbà mìíràn mo dá a. Ẹ ti so ó lọ́wọ́, ẹ wá ní kí n máa bọ̀ wá dá a. Irú ìdáni wo nìyẹn?"

Bàbá Yaff rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìwé ìròyìn ti dé. "Ọmọ yìí," ni ó wí, "ó pẹ́ kí ìyẹ̀fun tó kúrò lójú ẹ."

Wọn kò fẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọlọ omi dúró láìyí ní gbogbo ọjọ́ ìdìbò tó tẹ̀ lé e, nínú òjò àti nínú òtútù, títí Joris fi kú. Àwọn ọkùnrin Harlen tó ń lọ sí ilé èrò kò ní ọ̀nà mìíràn ju iwájú ilé ahunṣọ lọ. Wọ́n á rí kẹ̀kẹ́ Joris níbẹ̀, àti ti Bàbá Yaff, wọ́n á rí àwọn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń jẹun tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bú wọn. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, àwọn ọkùnrin náà á kàn yí ojú sí odò, wọ́n á sì na ẹṣin wọn kí ó yára.